Ìbọn Tí Kì Í Tètè Pa

“Nínú méjèèjì yìí, èwo ni kì í tètè pa ẹran?”

Ọlágòkè gbé orí sókè láti ibi páálí tó ń kó ìwé sí. Ó rò pé etí òun ló ṣì gbọ́. Tíṣà ni ní Ilero, ìjọba sì ti gbé e lọ sí Ṣakí. Ẹrù ló ń dì lọ́wọ́. Orí ibùsùn rẹ̀ ni ìbọn atẹ́gùn méjì wà, èyí tó máa ń gbé wọ ìgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé láti fi najú. Ládòkun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ fún ní ọ̀kan nínú wọn, ló dúró tì wọ́n, tó ń wo ọ̀kan, tó ń wo ìkejì, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ mú pàṣán tí wọn yóò fi nà án wá.

“Ládòkun, ìbéèrè wo nìyẹn? Ọdẹ wo ló ń wá ìbọn tí kò ní pa ẹran?”

“Mi ò ní kó má pa á. Mo ní kó má tètè pa á ni. Kí n lè bá a láàyè. Kí n lè fi ọ̀bẹ kan ọrùn rẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Motúnráyọ̀ ò ní jẹ ẹ́.”

Ọlágòkè fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni òun, kò sì ronú kan ìyẹn rí. Ẹran tí ìbọn bá ti pa, lójú tirẹ̀, omi gbígbóná ló kù tí wọn yóò dà sí i. Ṣùgbọ́n ó mọ Motúnráyọ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ ni iná ìgbẹ́ wọ oko Ládòkun. Ó jó àká iṣu, ó jó abà, ó sì jó ìbọn ṣakabùlà tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó gbé kọ́ sínú abà náà. Irin rẹ̀ nìkan ló bá nínú eérú, ó ti wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni Motúnráyọ̀, ìyàwó rẹ̀, bímọ obìnrin, àkọ́bí wọn lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run. Ọmọ wá láàyè, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àlímọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dà lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà níbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Wọ́n ti ta ewúrẹ́ tó kù nílé láti fi san owó ìgbẹ̀bí. Adìẹ tó ń jẹ̀ kiri àdúgbò, àrùn ti pa wọ́n tán. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, bó bá ti gbé e mì ló ń bì í. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé tó ń wá wò ó nílé ní kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti ẹran, pàápàá jù lọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀fọ́ wà. Ẹran ni kò sí, kò sì sí owó tí wọn yóò fi rà á. Ládòkun ti dẹ pańpẹ́ wáyà sí etí odò, ṣùgbọ́n ohun tí wáyà bá mú lóru á ti fún un pa kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọlágòkè mú èyí tí ẹnu rẹ̀ tóóró nínú ìbọn méjèèjì. “Èyí, ọta rẹ̀ kéré, kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Ó yára, ó sì ń lọ tààrà. Ibi tí o bá fojú sùn náà ló ń bà. Ṣùgbọ́n ihò tíń-ín-tín ló ń dá sí ẹran lára. Bí kò bá ba orí, ẹran á gbé e sá lọ.” Ó mú ìkejì. “Èyí, ọta rẹ̀ tó ẹyọ ẹ̀wà. Kò yára tó ti àkọ́kọ́. Bí ibi tí ẹran wà bá jìn díẹ̀, ọta á máa wọlẹ̀ lọ, o ní láti fojú sùn sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbá nǹkan, ó gbá a nìyẹn. Mo ti fi yin ẹyẹ ẹtù rí. Ibi tó dúró sí náà ló ṣubú sí.”

“Ó kú lójú ẹsẹ̀?”

“Kò tilẹ̀ mi apá.”

Ládòkun yọwọ́ lára ìbọn ńlá náà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Kékeré ló mú.

“Kò burú,” ni Ọlágòkè wí. “Ẹnìkan ní Òkèhò ló fẹ́ gba èyí tó bá kù, ọ̀nà ni mo ti máa já a sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ kí n tó lọ, wá.”

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí Ládòkun fi wà nínú ìgbẹ́. Iná ti jó gbogbo koríko, òjò àkọ́rọ̀ sì ti mú kí ewéko tútù máa yọ láàárín eérú. Ẹran ń jáde wá jẹ ẹ́, ojú sì ń ríran jìnnà. Ẹ̀bá òkìtì ọ̀gán kan ló ti rí ehoro. Ó ṣẹ́ ẹnu ìbọn náà wálẹ̀, ó ki ọta sí i, ó dá a padà, ó sì dojúbolẹ̀. Ọ̀bẹ wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ti pọ́n ọn títí tó fi lè fá irun. Kò fojú sun orí, torí orí á pa á. Ikùn ló fojú sùn.

Ìbọn náà dún pàà, bí ẹni pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ehoro fò sókè, ó balẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni pé nǹkankan ò ṣe é. Ládòkun sáré tẹ̀ lé e tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ kán síbí, ó kán sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà kò kán mọ́. Ó wá a títí oòrùn fi kàn án lórí. Ó mọ̀ pé ibì kan wà tí ẹran náà sá pamọ́ sí, tó ń kú díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Baba rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ kì í fi ẹran tó bá ti gbọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ wálé. Ojú ti Ládòkun níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, kò sì yàtọ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ikún kan gbé ọta wọ ihò lọ. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ sú u, ó fojú sun orí àparò kan, orí náà ló sì bà. Ẹyẹ náà ti kú kí Ládòkun tó dìde nílẹ̀. Kò gbé e wálé. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ohun tí kò tọ́ fún Mùsùlùmí láti jẹ, kò tọ́ fún un láti tà. Ó gbé e fún ẹlẹ́mu kan tó bá pàdé lójú ọ̀nà, ọkùnrin náà sì dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, títí omi fi fẹ́ bọ́ lójú Ládòkun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé wá. Ó fa ìpéǹpéjú Motúnráyọ̀ wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó tẹ èékánná ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti sanra jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ló pe Ládòkun àti Ìyá Àdìjátù bọ́ síta. Ìyá Àdìjátù yìí ni ìyá Motúnráyọ̀, ó wá wẹ ọmọ fún un ni.

“Inú ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ ò rí i bó ṣe ń mí tó bá ti ilé ìwẹ̀ dé?”

“À ń rí i, Nọ́ọ̀sì,” ni ìyá náà dáhùn.

“Ẹ wá nǹkan sí i lẹ́nu. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tún lọ sílẹ̀ ju báyìí lọ, Ìsẹ́yìn lẹ máa gbé e lọ, wọ́n á sì ní kí ẹ wá ẹ̀jẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ lè gba ọ̀nà yẹn lórí ọ̀kadà.”

Nínú yàrá, ọmọ ń fa ọyàn, ó ń tu ú sílẹ̀, ó ń ké. Ládòkun kò wọlé mọ́. Ó gbé ìbọn kékeré náà, ó gba ilé Ọlágòkè lọ.

“Gba èyí. Fún mi ní ńlá.”

“Ṣebí o ní—”

“Wọ́n ń sá mọ́ mi lọ́wọ́, Ọlágòkè! Gbogbo èyí tí mo bá yìn ló ń sá lọ. Tó bá ṣubú síbi tí mo ti rí i, ó ṣe tán mo lè sáré. Màá sáré débẹ̀ kó tó kú.”

Ọlágòkè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti jìn sínú. Ó fẹ́ sọ pé kò sí ẹni tó ń sáré tó ọta, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó gbé agolo mílíìkì kan ka orí ògiri, ó fi ìbọn kọ̀ọ̀kan yìn ín kó lè rí i. Ọta kékeré dá ihò síwájú, ó dá ihò sẹ́yìn, agolo náà ṣì dúró. Ọta ńlá tẹ agolo pọ̀, ó sì gbá a jù sí ilé kejì.

“Ọ̀la ni mò ń lọ,” ni Ọlágòkè wí. “Kò sí pípààrọ̀ mọ́. Rántí o: tó bá jìnnà, fojú sùn sókè, tó bá sún mọ́ ọ gan-an, ibi tí o bá fojú sùn náà ló máa bà.” Ó kó gbogbo ọta tó kù fún un, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹtù ń jẹ̀ níbi tí wọ́n ti wú ẹ̀pà lọ́dún tó kọjá. Ládòkun rá wọ́ títí ó fi rí àmì funfun tóótòòtó ara wọn. Ó yìn. Ọ̀kan wó lulẹ̀, àwọn yòókù fò lọ tariwo tariwo. Ó ti ju ìbọn nù, ó ti ń sáré, “Bísímílà” ti wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé ẹyẹ náà, ọrùn rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣì gbóná. Ó fi ọ̀bẹ là á lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ náà kò tú jáde. Ńṣe ló rọra ń sun, ó dúdú, ó sì dá. Ládòkun gbọn ẹyẹ náà. Ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń jí ẹni tó sùn.

“Mi apá kan,” ló ń sọ fún un. “Apá kan péré.”

Kò mọ ìdí tó fi gbé e wálé. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Àdìjátù ti pàdé rẹ̀, tó rí ojú ọ̀bẹ lọ́rùn ẹyẹ náà.

“Alihamudulilahi! O bá a láàyè?”

Ládòkun gbé ojú kúrò. Ìyá náà wò ó, ó sì yé e. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Gbọ́ mi. Inú Ìsìláàmù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kú sí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé ló wà nínú yàrá yẹn. Ẹyẹ yìí ní ojú ọ̀bẹ lọ́rùn. Tó bá bi ọ́, ní o bá a.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́—”

“Kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi! Ṣé o gbọ́? Lọ́rùn èmi.”

Ó já ẹyẹ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn ọbẹ̀ ẹran fi gba gbogbo ilé, òórùn tí wọn kò tíì gbọ́ nínú ilé náà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Motúnráyọ̀ fara ti ògiri nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Ó gbé itọ́ mì. Ó mú ṣíbí, ó bù ú, ó sì gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Àlímọ̀, ṣé ẹ bá a láàyè?”

“Ó bá a,” ni ìyá rẹ̀ yára dáhùn. “Mo fojú mi rí ọrùn rẹ̀.”

“Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn.”

Ládòkun la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ. Ó ń wo ṣíbí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tí omi ọbẹ̀ ń ti ibẹ̀ kán sórí ìró.

“Kò mi apá,” ló wá sọ. “Mo sáré. Motúnráyọ̀, mo sáré gan-an ni.”

Motúnráyọ̀ rọra dá ṣíbí padà sínú abọ́. Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

“Ẹ má sunkún, Ìyá mi. Nígbà tí mò ń wá ọmọ, ẹ̀yin náà mọ̀, kò sí ohun tí wọ́n ní kí n jẹ tí mi ò jẹ. Èyí tí mo mọ orúkọ rẹ̀, èyí tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí oyún yìí dúró, mo sọ fún Ọlọ́run pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò tún ní gba ọ̀fun mi kọjá mọ́. Ọmọ náà ò tíì mọ̀ mí lójú. Ṣé kí n ti yẹ àdéhùn ni?”

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ààfáà Kàdírì. Ó wá, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbọ́ ohun gbogbo. Ó ní Ọlọ́run ò fẹ́ kí ẹni tí ebi fẹ́ pa kú. Pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ nínú òkú ẹran, ìwọ̀nba tó máa gbé ẹ̀mí ró.

“Mo gbọ́, Ààfáà,” ni Motúnráyọ̀ wí, ó ń mí lókè lókè. “Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ wà nínú ìkòkò. Gààrí wà. Ebi kọ́ ló ń pa mí.”

Ààfáà dìde. Nígbà tó jáde, ó sọ fún Ládòkun pé òun kò lè fi dandan mú un, àti pé ká ní ẹran wà nílé òun, kíá ni òun ì bá gbé e wá. Ìyá Àdìjátù da ọbẹ̀ náà nù sẹ́yìn ilé, ó sì jókòó ti ibi tó dà á sí, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Ládòkun náà jókòó, ìbọn wà lórí itan rẹ̀. Ọta kékeré, ẹran ń sá lọ. Ọta ńlá, ẹran ń kú. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Ehoro ló padà wá sí i lọ́kàn. Lọ́sàn-án, ehoro á lúgọ sínú kòtò kékeré tó bá ara rẹ̀ mu, kò ní mira, ó gbà pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí òun bá lè sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, tí òun kò yìn ín lórí, tí òun kò yìn ín níkùn, tó jẹ́ pé ìbàdí ni ọta ńlá náà ti bà á, eegun ibẹ̀ á fọ́. Kò ní lè sá. Kò sì ní kú lójú ẹsẹ̀.

Ó mọ ohun tí èyí jẹ́. Ó jẹ́ dídá ẹran lóró. Bí baba rẹ̀ bá wà láyé tó gbọ́ ọ, ìgbátí ni ì bá fi dá a lóhùn.

Òjò wínníwínní ń rọ̀ nígbà tó dé oko rẹ̀ tó jóná lọ́jọ́ kejì. Ó ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, ìdí koríko kan sí èkejì. Òun náà kò tíì jẹun láti àná. Ó ti fẹ́ yà sọ́nà ilé kó tó rí ojú kan tó là sílẹ̀ rekete lábẹ́ kùkùté igi ẹmi. Ojú ehoro. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ládòkun dọ̀bálẹ̀ sínú eérú tútù, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ lọ, kùkùté igi ń họ ọ́ níkùn, títí ó fi sún mọ́ ọn bí ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá ṣe sún mọ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn. Ó dá mímí dúró. “Bísímílà.”

Ó yìn. Eegun dún. Ehoro náà sì ké.

Ládòkun kò gbọ́ igbe ehoro rí. Gbogbo èyí tó ti ń pa, kò sí èyí tó dún. Igbe náà dà bí ti Àlímọ̀ gẹ́lẹ́, nígbà tó bá fa ọyàn tí kò rí nǹkankan. Ẹran náà ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ, ó ń ké. Ládòkun ṣubú lé e lórí gbalaja. Ehoro náà já bọ́, ó tún mú un. Èékánná rẹ̀ ya á lápá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó yí i sí gábàsì, kò mọ̀ bóyá òun ń pariwo. “Bísímílàhi, Aláhù Akubaru!” Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó pupa, ó gbóná, ó ta sí i láyà àti ní ojú. Ẹran náà jà, ó jà, ó wá dákẹ́.

Ó jókòó sínú eérú níbẹ̀, ó sì sunkún sókè. Kò lè sọ bóyá ayọ̀ ni, bóyá kì í ṣe ayọ̀.

Nígbà tó délé, Motúnráyọ̀ bi í ní ìbéèrè kan náà. Ládòkun na apá rẹ̀ sí i. Motúnráyọ̀ wo ibi tí èékánná ti ya á, ó fi ìka tọ ọ́ lọ, ó sì ní, “Ẹ fi omi gbígbóná fọ ọ́.” Ó jẹ ẹ̀dọ̀ náà, ó bì í. Ó sinmi, ó tún jẹ. Nígbà tó mu omi ọbẹ̀ dé ìdajì abọ́, ó ní iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀. Ìyá Àdìjátù sáré lọ gbé iyọ̀ wá, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí Ládòkun ń wá ìgbẹ́ títí tí kò rí ehoro kankan, ọjọ́ mìíràn sì wà tó rí i tí ọta yà kúrò níbi tó fojú sùn, tó pa á fin-ín fin-ín, tó sì fi í sílẹ̀ fún igún. Igbe náà kò mọ́ ọn lára. Ìdajì ebè ló rí kọ lọ́dún náà, torí ìgbẹ́ ti gba àsìkò oko. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé ń wá, ó ń fa ìpéǹpéjú wálẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má tíì dẹwọ́. Wọn kò gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ládòkun rí ìyàwó rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pọn Àlímọ̀ sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kan tọ ògiri lọ sẹ́yìnkùlé. Ó dúró, ó mí, ó tún rìn. Ládòkun dúró wò ó títí ó fi débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìkòkò, kò sí ẹran nínú rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó mú ìbọn, ó jáde.